Agbọ́n Kékeré, Ẹ̀gẹ́ àti Àgbàdo: Ìtàn Bí a Ṣe Fi Kòkòrò Ṣẹ́gun Kòkòrò

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ènìyàn ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, pé ẹni tí ń ba ti ẹni jẹ́ kì í gbé ibi tí ó jìnnà. Ṣùgbọ́n bí a bá dá òwe náà padà sí oko tí a ti mú un wá, a óò rí i pé ó ní apá kejì tí ẹnu kì í sábà kàn: níbi tí kòkòrò tí ń jẹ̀fọ́ bá wà, níbẹ̀ náà ni èyí tí ń jẹ kòkòrò yóò wà. Bí ẹni kejì yìí kò bá sí nílé, ẹ̀fọ́ wọ gàù.

Apá kejì òwe náà ni àròkọ yìí dá lé. A fẹ́ ṣe àlàyé bí agbọ́n kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ṣe gba ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ láàárín ọdún 1981 sí 1995, bí ó ṣe jẹ́ pé Ìbàdàn ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí ìtàn náà ń wí fún wa nípa àgbàdo, irúgbìn tí kòkòrò mìíràn dojú kọ ní ilẹ̀ Yorùbá láti ọdún 2016 wá. A óò sì béèrè ìdí tí ìtàn tí ó tó báyìí kò fi sí lẹ́nu àwọn tí oúnjẹ wọn là nípa rẹ̀. Èrò wa ni pé kì í ṣe àwọn onímọ̀ kòkòrò nìkan ni ìbéèrè ìkẹyìn yìí kàn. Ó kan àwa tí a ń fi èdè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú.

Àlejò méjì tí ó di onílé

Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀ wá. Àwọn Potogí ni wọ́n gbé ẹ̀gẹ́ dé etíkun wa ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Lónìí, gàrí, láfún, fùfú, ògì, ẹ̀kọ àti ẹ̀gbo ti mú wa gbàgbé pé àlejò ni wọ́n. Ẹni tí ń jẹ ẹ̀bà kì í rántí pé òkun ni ó gbé e wá.

Nígbà tí irúgbìn bá sọdá òkun, kì í sábà kó gbogbo ẹbí rẹ̀ dání. Àwọn kòkòrò tí ń jẹ ẹ́ nílé máa ń ṣẹ́kù sẹ́yìn. Fún nǹkan bí 400 ọdún, ẹ̀gẹ́ wà ní Áfíríkà láìrí ojú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀tá rẹ̀ àtijọ́. Èrè ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n èrè tí ó ní gbèsè nínú ni. Ọjọ́ tí ọ̀tá àtijọ́ bá rí ọ̀nà dé, tí ẹni tí ń pa á jẹ kò sì bá a wá, kò sí ohun tí yóò dá a dúró ní oko. Bí a ti mọ̀, ọmọ tí kò sí àgbà nílé láti bá a wí, ohun tí ó bá wù ú ni yóò ṣe.

Ìyọnu ẹ̀gẹ́, 1973 sí 1981

Ọjọ́ náà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ní ọdún 1973, ní agbègbè àwọn ìlú Kinshasa àti Brazzaville, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí kòkòrò funfun kan ní orí ẹ̀gẹ́, ara rẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n bu ìyẹ̀fun lé e. Níbi ọ̀mùnú ni ó máa ń kó jọ sí. Ó ń fa omi ara igi mu, ewé a ká kò, igi a ràn, a kò sì ní lè ga mọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí òjò kò sí láti wẹ̀ ẹ́ dànù, ńṣe ni yóò máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Ní ọdún 1977, Danièle Matile-Ferrero, onímọ̀ kòkòrò ọmọ ilẹ̀ Faransé, fún un ní orúkọ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì: Phenacoccus manihoti.

Ohun méjì ni ó mú kí kòkòrò yìí ṣòro láti dá dúró. Èkíní ni pé abo ni gbogbo wọn, wọn kò sì nílò akọ kí wọ́n tó bímọ. Ẹyọ kan ṣoṣo tí ó bá bọ́ sí oko tó láti bẹ̀rẹ̀ ìlú tuntun. Èkejì ni pé atẹ́gùn ń gbé ọmọ rẹ̀ kiri, àwa ènìyàn pàápàá sì ń gbé e nínú ìdì igi ẹ̀gẹ́ tí a ń fún ara wa gbìn. A máa ń sọ pé bí ilé kò bá kan ilé, kì í jó àjóràn. Oko ẹ̀gẹ́ kan oko ẹ̀gẹ́ láti Senegal títí dé Mozambique. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1979, kòkòrò náà ti wọ Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin.

Níbi tí ó ti mú oko jù, ìpàdánù iṣu ẹ̀gẹ́ lè tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ewé pẹ̀lú ń lọ, ní àárín gbùngbùn Áfíríkà sì rèé, ewé ẹ̀gẹ́ ni ẹ̀fọ́ tí ilé ń jẹ lójoojúmọ́. Àdánù kẹta ni ẹnu kì í pọ̀ lé lórí: igi tí ó ràn kò ṣe é gé fún gbígbìn. Àgbẹ̀ tí ó pàdánù oko ọdún yìí kò rí igi tí yóò fi dá ti ọdún tí ń bọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìgbà náà, nǹkan bí 200 mílíọ̀nù ènìyàn ní Áfíríkà ni ẹ̀gẹ́ jẹ́ oúnjẹ pàtàkì fún.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀. Èkíní ni kí a máa fín oògùn apakòkòrò. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó gbin ẹ̀gẹ́ nítorí pé kò lówó ajílẹ̀, níbo ni yóò ti rí owó oògùn? Ewé tí a fín oògùn sí ní òwúrọ̀ sì lè di ọbẹ̀ ní alẹ́. Ọ̀nà kejì ni kí a wá irú ẹ̀gẹ́ tí yóò lè fara da kòkòrò náà. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí, ebi kì í sì í dúró de ọdún. Ọ̀nà kẹta ni kí a lọ wá ẹni tí ń jẹ kòkòrò náà nílé baba rẹ̀.

Wíwá agbọ́n

Ọ̀nà kẹta yìí kì í ṣe tuntun lágbàáyé. Ní ọdún 1888, nígbà tí kòkòrò kan láti Ọsirélíà fẹ́ pa oko ọsàn ìpínlẹ̀ California run, Albert Koebele lọ sí Ọsirélíà, ó sì rí kòkòrò pupa kékeré kan tí ń jẹ ẹ́. Láàárín ọdún méjì, ọsàn California bọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó korò wà pẹ̀lú. Ní ọdún 1935, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọ́ ńlá kan láti Hawaii lọ sí Queensland ní Ọsirélíà kí ó lè máa jẹ kòkòrò inú oko ìrèké. Ọ̀pọ̀lọ́ náà kò jẹ kòkòrò ìrèké tó bí wọ́n ti rò. Ohun gbogbo mìíràn ni ó jẹ, májèlé ara rẹ̀ sì pa àwọn ẹranko tí ó fẹ́ jẹ ẹ́. Ó wà níbẹ̀ di òní. Ẹ̀kọ́ inú ìtàn méjèèjì yìí ni pé ẹni tí yóò gbé àlejò wọlé gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àlejò náà ń jẹ, kí ó sì mọ̀ bóyá ohun kan náà nìkan ni.

Ní ọdún 1979, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kòkòrò kan láti Switzerland, Hans Rudolf Herren, dé sí IITA, ilé ìwádìí àgbáyé fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967. Òun ni ó darí iṣẹ́ náà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gẹ́ ti wá láti Amẹ́ríkà, níbẹ̀ ni a ti ní láti wá kòkòrò náà àti ọ̀tá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a óò wá a dé láti Mexico títí dé Argentina.

Wọ́n kọ́kọ́ rí ohun tí ó jọ ọ́ ní apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà. Funfun ni, ẹ̀gẹ́ ni ó ń jẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Ẹ̀yà mìíràn tí ó ní akọ àti abo ni, tí wọ́n sọ ní Phenacoccus herreni ní orúkọ Herren. Àwọn kòkòrò tí ń pa á kò wúlò fún ti Áfíríkà. Èyí fi hàn wá pé ìmọ̀ orúkọ kì í ṣe eré. Bí a bá pe ohun méjì ní orúkọ kan, oògùn ọ̀kan kò ní ran èkejì.

Ní ọdún 1981 ni Anthony Bellotti, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CIAT, ilé ìwádìí tí ó wà ní Kòlóḿbíà, rí ojúlówó kòkòrò náà ní Paraguay. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Àgbẹ̀ Paraguay kò kà á sí ọ̀tá. Ìdí sì ni pé àwọn tí ń pa á wà nítòsí rẹ̀. M. Yaseen, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth lórí irú ìṣẹ́gun kòkòrò báyìí, ni ó kó wọn jọ. Wọn kò gbé wọn wá sí Áfíríkà tààrà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹ̀gẹ́ kì í hù, ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ láti sé wọn mọ́, kí wọ́n lè rí i dájú pé wọn kò gbé àrùn tàbí kòkòrò mìíràn dání, kí wọ́n sì dán wò bóyá ohun mìíràn wà tí wọ́n ń jẹ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí Ìbàdàn.

Nínú wọn ni agbọ́n kan wà tí De Santis ti ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1964, láìmọ̀ pé yóò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Gígùn rẹ̀ kò tó mìlímítà méjì. Kò lè ta ènìyàn. Abo rẹ̀ a bà lé kòkòrò oníyẹ̀fun, a fi ìdí rẹ̀ tí ó mú bí abẹ́rẹ́ gún un, a sì yé ẹyin kan sí i nínú. Ọmọ tí ó bá jáde láti inú ẹyin náà yóò máa jẹ kòkòrò náà láti inú wá. Awọ kòkòrò náà yóò le, yóò sì di pósí. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, agbọ́n tuntun yóò dá ihò sí pósí náà, yóò jáde, yóò sì wá kòkòrò mìíràn lọ.

Láti Ìbàdàn káàkiri

Ní òpin ọdún 1981, wọ́n tú agbọ́n náà sílẹ̀ ní ilẹ̀ IITA ní Ìbàdàn, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní agbègbè Abẹ́òkúta ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá yóò la ìgbà òjò já, nígbà tí kòkòrò tí ó ń jẹ kò pọ̀. Ó là á já. Láàárín ọdún mẹ́ta, ó ti tàn ká gbogbo agbègbè ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Ó kọjá ibi tí ó ju 100 kìlómítà lọ sí ibi tí wọ́n ti tú u sílẹ̀. Ó wọ oko àgbẹ̀ tí kò gbọ́ orúkọ IITA rí, kò gba owó lọ́wọ́ wọn, kò sì béèrè bóyá wọ́n gbà á.

Bí ìròyìn ti ń dé láti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n dá ilé ìsìn agbọ́n sílẹ̀. Níbi tí mọ́tò kò lè tètè dé, wọ́n ń fi bàálù kékeré tú wọn sílẹ̀ láti òfurufú. Ní ọdún 1988, wọ́n kó ibùdó iṣẹ́ náà lọ sí Abomey-Calavi, lẹ́bàá Cotonou ní orílẹ̀-èdè Benin. Ibẹ̀ ni Peter Neuenschwander àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí ó fi di àárín àwọn ọdún 1990, agbọ́n náà ti fìdí múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní ogún ní Áfíríkà.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé agbọ́n ni, tí kì í ṣe òjò tàbí orí ire? Àwọn onímọ̀ náà fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ mìíràn kí agbọ́n má baà lè wọlé, wọ́n sì fi ti àwọn mìíràn sílẹ̀ gbayawu. Níbi tí agbọ́n kò lè dé, kòkòrò oníyẹ̀fun pọ̀ ju ti ibi tí ó lè dé lọ fíìfíì. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ghana àti Côte d'Ivoire, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1989, wọ́n ṣe ìṣirò pé èrè tí agbọ́n náà mú wá ní ilẹ̀ ọ̀dàn tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2.5 iṣu ẹ̀gẹ́ lórí hẹ́kítà kan. Ní ọdún 1988, onímọ̀ ọrọ̀ ajé Richard Norgaard ti ṣe ìṣirò pé lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan tí a ná, dọ́là 149 ni ó padà wá. Ní ọdún 1990, IITA àti CIAT jọ gba àmì-ẹ̀yẹ Ọba Baudouin ti ilẹ̀ Belgium. Ní ọdún 1995, Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé.

Ibi tí agbára agbọ́n mọ

Kò yẹ kí òpìtàn sọ ìtàn di oríkì. Agbọ́n náà kò ṣe dáadáa ní ibi gbogbo. Ní orí ilẹ̀ iyanrìn tí ó ti gbó, tí kò ní ewé jíjẹrà lórí, kòkòrò oníyẹ̀fun ṣì ń pọ̀. Ìdí rẹ̀ yani lẹ́nu. Abo agbọ́n máa ń wo bí kòkòrò ti tóbi tó kí ó tó yé ẹyin sí i: nínú èyí tí ó tóbi, ẹyin abo ni ó ń yé, nínú èyí tí ó kéré, ẹyin akọ. Ẹ̀gẹ́ tí ebi ilẹ̀ ń pa kì í sì í bọ́ kòkòrò yó, nítorí náà kòkòrò orí rẹ̀ kéré. Bí kòkòrò bá kéré, akọ agbọ́n nìkan ni yóò máa jáde, akọ kì í sì í yé ẹyin. Agbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ ajílẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá fi ewé bo ilẹ̀, tí ó sì jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi, òun ni agbọ́n ń bá ṣiṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í pa kòkòrò náà tán. Bí ó bá pa á tán, ebi yóò pa òun náà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó dá a padà sí ipò tí ó wà ní Paraguay: kòkòrò tí a lè rí, ṣùgbọ́n tí kò lè sọ oko di ahoro. Nígbà tí kòkòrò kan náà dé Thailand ní ọdún 2008, Benin ni wọ́n ti kó agbọ́n náà lọ síbẹ̀ ní ọdún 2009. Ohun tí Áfíríkà tọrọ ní Gúúsù Amẹ́ríkà, Áfíríkà fún Éṣíà ní tirẹ̀.

Àgbàdo ńkọ́?

Àgbàdo ní ìtàn tirẹ̀. Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, kòkòrò kan láti Éṣíà, Chilo partellus, tí ń gbẹ́ inú pòròpòrò àgbàdo, ti wà láti nǹkan bí ọdún 1930. ICIPE, ilé ìwádìí kòkòrò tí Thomas Odhiambo dá sílẹ̀ ní Nairobi ní ọdún 1970, kó agbọ́n kan tí ń jẹ́ Cotesia flavipes wá láti Pakistan, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní etíkun Kẹ́ńyà ní ọdún 1993. Inú pòròpòrò ni agbọ́n yìí ń wọ̀ lọ bá kòkòrò náà, níbi tí oògùn kì í lè dé. Ó fìdí múlẹ̀, ó sì tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Herren fúnra rẹ̀ di olùdarí ICIPE ní ọdún 1994.

Ní Gúúsù Áfíríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n tọ̀ jù. Láti òpin àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń gbin àgbàdo tí wọ́n ti fi èròjà tí ń pa kòkòrò sí nínú láti inú irúgbìn wá. Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2007, ìròyìn jáde pé Busseola fusca, kòkòrò inú pòròpòrò tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, ti ń jẹ àgbàdo náà láìkú ní àwọn oko kan. Oògùn kan kì í yí padà, kòkòrò a máa yí padà. Agbọ́n náà a máa yí padà, nítorí pé ohun alààyè ni òun náà.

Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ọ̀rọ̀ padà dé ilẹ̀ Yorùbá. Ní agbègbè igbó kìjikìji ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ni wọ́n ti rí kòkòrò tuntun kan nínú ewé àgbàdo, Spodoptera frugiperda, ọmọ àfòpiná kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún kan náà, Georg Goergen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA kéde pé ó ti wà ní Nàìjíríà, Benin, Tógò àti São Tomé. Nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, ó ti dé Gúúsù Áfíríkà. Kòkòrò ẹ̀gẹ́ lo ọdún mẹ́fà kí ó tó ti Kóńgò dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí kò lo ju nǹkan bí ọdún kan lọ láti ọ̀dọ̀ wa dé ìsàlẹ̀ Áfíríkà, nítorí pé àfòpiná ní ìyẹ́ tí ó lè gbé e jìnnà lóru kan.

Kí ni a ṣe? Oògùn ni ọ̀pọ̀ ìjọba kọ́kọ́ rà, tí wọ́n sì pín fún àwọn àgbẹ̀. Ó yé ni ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìbẹ̀rù pọ̀, ojú ará ìlú sì ń rí oògùn tí a pín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ wo inú oko dáadáa, wọ́n rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ní ọdún 2019, wọ́n kéde pé Telenomus remus wà ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Áfíríkà: Benin, Côte d'Ivoire, Niger, Kẹ́ńyà àti Gúúsù Áfíríkà. Agbọ́n yìí kéré ju ti ẹ̀gẹ́ lọ. Inú ẹyin kòkòrò náà gan-an ni ó ń yé ẹyin tirẹ̀ sí, tí ó fi jẹ́ pé kòkòrò náà kì í jáde láti fi ẹnu kan ewé. Éṣíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ tú u sílẹ̀ níbí fún iṣẹ́ yìí. Àlejò dé bá àlejò láìpè.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Oògùn tí ń pa ọmọ àfòpiná ń pa agbọ́n pẹ̀lú, agbọ́n ni ó sì sábà máa ń kọ́kọ́ kú, nítorí pé ìta ni ó wà nígbà tí kòkòrò sá sínú ewé. Àgbẹ̀ tí ó bá fín oògùn láìwo oko lè máa sanwó láti pa òṣìṣẹ́ tí ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà mìíràn wà. Ní Niger, Mali àti Burkina Faso, àwọn àgbẹ̀ ti ń gbé agbọ́n mìíràn, Habrobracon hebetor, lọ sí oko jéró nínú àpò ìdọ̀họ kékeré: wọ́n a fi ọkà díẹ̀ àti kòkòrò tí agbọ́n yóò jẹ sínú àpò, agbọ́n a pọ̀ nínú rẹ̀, a sì gba ojú àpò jáde lọ sí oko. Iṣẹ́ tí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ lè ṣe ni èyí, bí ẹnìkan bá ṣàlàyé rẹ̀ fún un ní èdè tí ó gbọ́.

Ìtàn tí kò ní orúkọ

Kí ló dé tí ìtàn agbọ́n ẹ̀gẹ́ kò fi sí nínú ìwé kíkà àwọn ọmọ wa? A rí ìdí mẹ́ta. Èkíní ni pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ṣòro láti rántí. Ìyàn tí ó mú, a máa ń sọ ọ́ lórúkọ. Ìyàn tí a dènà kò ní orúkọ. Èkejì ni pé agbọ́n kò ní ọjà. Oògùn ní ẹni tí ń tà á, tí ń polówó rẹ̀ lórí rédíò, tí ń kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Ohun tí a kò tà, ta ni yóò polówó rẹ̀?

Ìdí kẹta jẹ́ ti èdè, tiwa sì ni. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn onímọ̀ ti pe agbọ́n náà ní Apoanagyrus lopezi, ní Epidinocarsis lopezi àti ní Anagyrus lopezi. Ó ní orúkọ mẹ́ta nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kò sì ní ẹyọ kan ní èdè ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ tú u sílẹ̀. Bí a bá ní kí á máa pè é ní agbọ́n lásán, ohun tí yóò wá sí ọkàn ẹni tí ó gbọ́ ni èyí tí ń kọ́lé sábẹ́ òrùlé, tí ń ta ọmọdé, tí a ń fi iná lé jáde. Ta ni yóò dúpẹ́ pé agbọ́n dé oko òun? Bí a bá tún kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá agbọ́n ni, tàbí àgbọn tí a ń jẹ, tàbí agbọ̀n tí a ń kó ẹrù sí, tàbí àgbọ̀n tí irùngbọ̀n ń hù lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé àmì ohùn kò wúlò ju inú ìdánwò lọ, kí ó ka irú ìwé ìlanilọ́yẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò.

Kì í ṣe pé èdè wa kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà. Òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ fi hàn pé àwọn baba wa ń wo ìdí ẹ̀fọ́, wọ́n sì ń wo ohun tí ó wà níbẹ̀. Nínú àròkọ yìí, a ti ṣàlàyé bí agbọ́n ti ń yé ẹyin, bí ó ti ń yan akọ àti abo, àti bí wọ́n ti ń sé e mọ́ kí wọ́n tó gbé e wọlé, èdè kò sì ṣẹ́ wa. Ohun tí ó kù ni ìfẹnukò. Agbọ́n kékeré, agbọ́n oko, agbọ́n apakòkòrò: èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí lè ṣe é, bí olùkọ́, oníròyìn àti òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ bá jọ fẹnu kò lórí ọ̀kan, tí wọ́n sì ń lò ó láìyẹsẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni a ti gbìyànjú láti fi hàn. Àkọ́kọ́ ni pé ìgbàlà ẹ̀gẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ènìyàn kan. Ẹni tí ó fún kòkòrò lórúkọ, ẹni tí ó rí i ní Paraguay, ẹni tí ó kó agbọ́n jọ, àwọn tí ó sé e mọ́ àti àwọn tí ó sìn ín ní Ìbàdàn àti Calavi, gbogbo wọn ni ó pawọ́ pọ̀. Èkejì ni pé sùúrù àti àyẹ̀wò ni ó yà á sọ́tọ̀ sí ìtàn ọ̀pọ̀lọ́ Queensland. Ẹ̀kẹta ni pé ìṣẹ́gun tí kò sí nínú èdè àwọn tí ó jàǹfààní rẹ̀ kò ní kọ́ wọn ní ohunkóhun nígbà tí ìyọnu mìíràn bá dé. Ìyọnu mìíràn ti dé ní ọdún 2016, oògùn ni a sì kọ́kọ́ nawọ́ sí, ní agbègbè kan náà tí agbọ́n ti borí ní ọdún 35 ṣáájú.

Nítorí náà, bí olùkọ́ Yorùbá bá ń wá àyọkà fún kíláàsì rẹ̀, kí ó má rò pé ìtàn ogun àti ti ọba nìkan ni ìtàn. Kí ó kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ kòkòrò, kí ó ní kí wọ́n tú ewé àgbàdo wò kí wọ́n tó pè fún oògùn. Nínú ewé náà ni wọn yóò ti rí kòkòrò tí ń jẹ ẹ́. Bí ojú wọn bá mú dáadáa, wọn yóò rí ẹyin dúdú díẹ̀ láàárín àwọn ẹyin tí ó kù, wọn yóò sì mọ̀ pé agbọ́n ti débẹ̀ ṣáájú wọn.